Bí Mo Ṣe Gbé Bíbélì Gbígbó Ìyá Ìyàwó Mi Wọ Igbó

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá ilé Ọlọ́run mọ́ de Ìkórè, tí ẹ gbé àpótí àwọn Bíbélì tó ti ya yìí jáde, tí ẹ dúró tì í bí ẹni tó rí ejò nínú ẹrù, tí ẹnì kan nínú yín ń wí pé kí á sun ún, tí ẹnì kejì ń wí pé kí á dà á sódò, ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jókòó. Ìwọ ọmọbìnrin tí o wé gèlè gogoro bí òrùlé ilé Ọba, sún díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ lè rí ojú mi, nítorí ojú mi wà lára ìtàn yìí.

Èmi ni Sílásì Ọdẹ́rìndé. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ọdẹ tí ẹ kò gbọ́ tèmi, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń kà á ń jowú ni. Ẹfọ̀n rí mi, ó gbàgbé pé òun ní ìwo. Ẹkùn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran lọ òun. Ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni, kí ó wọ igbó lọ bi ẹkùn léèrè. Bí ó bá padà dé, n ó tọrọ àforíjì. Mo ti pa òkété ju irun orí mi lọ. Ẹ má wo orí mi báyìí, ó ní irun rí! Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo òkété tí mo pa, n kò mọ ìtumọ̀ òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí títí di ìgbà tí mo gbé Bíbélì ìyá ìyàwó mi wọ inú igbó.

Màmá Tàbítà ni à ń pe ìyá ìyàwó mi. Kò jókòó ní ilé ìwé rí. Inú ilé ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, pẹ̀lú èédú lára ògiri. Bíbélì kan ṣoṣo ló ní láyé. Ṣùgbọ́n Bíbélì náà kì í ṣe ti kíkà nìkan. Bí ìyá ọmọ kan bá fẹ́ lọ pọnmi, yóò tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, yóò ní, "Màmá, ẹ bá mi fi Ìwé ti ọmọ mi o." Màmá yóò ṣí Bíbélì, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, yóò jókòó tì í, yóò máa bó ẹ̀gúsí, yóò sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé náà títí ọmọ yóò fi sùn. Kò sí ọmọ kan ní agbo ilé wa tí kò sùn sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì yẹn. Èmi pàápàá, kí n tó di àna rẹ̀, ọmọ orí ẹní rẹ̀ ni mí, nítorí ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé wọn. Wọ́n ní mo tilẹ̀ tọ̀ sí ìwé Jeremáyà lára. Ẹ yé rẹ́rìn-ín! Omijé tí Jeremáyà ti rí láyé ju ìyẹn lọ.

Ohun tó bá pẹ́ láyé, á gbó. Awọ Bíbélì náà bọ́. Ikán wọ inú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní Jẹ́nẹ́sísì, ó ń jẹ ẹ́ bọ̀ ní ìtòtò bí ọmọ ilé ìwé, ó dé ibi tí Jósẹ́fù ti wọ ẹ̀wọ̀n kí Màmá tó rí i, tó lé e. Láti ibẹ̀ dé òpin Jẹ́nẹ́sísì, òjò tó jò láti òrùlé sọ ọ́ di ẹ̀kọ tútù. Ìyókù ń já bọ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan bí igi ní ọyẹ́.

Ìgbà náà ni Tíṣà Onésífórù, tó ń ṣe olórí ìjọ wa, kéde pé kí gbogbo ẹni tí Bíbélì rẹ̀ ti gbó gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run, pé òun yóò dáná sun wọ́n kí Ìkórè tó dé, kí wọ́n má baà di ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Èrò rere ni Tíṣà rò. Ṣùgbọ́n Màmá Tàbítà gbọ́, ó kọ ojú sí ògiri.

"Ẹni tó tọ́ gbogbo ọmọ agbo ilé yìí," ó ní, "ẹ fẹ́ jù ú síná bí èèpo àgbàdo? Títí n ó fi mọ ibi tí yóò gbé orí lé, oúnjẹ kò ní kan ẹnu mi."

A rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ó jí, kò jẹ. Ilẹ̀ ṣú, kò jẹ. Eegun ọrùn rẹ̀ ń yọ, ohùn rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Fẹ̀bé ìyàwó mi bá dúró sí iwájú mi, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá Èsítérì, ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí igbó tí ẹ kò mọ̀. Ẹ lọ wá ibi ìsinmi fún ìwé ìyá mi. Bí ìyá mi kò bá jẹun, odó kò ní dún nínú ilé yìí mọ́."

"Fẹ̀bé, èmi ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀yin ọkọ mi gan-an. Ẹ máa jẹ oríkì yín."

Haà! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìbọn kì í ba ọdẹ lẹ́rù, ṣùgbọ́n odó tí kò dún a máa ba ọdẹ lẹ́rù! Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá. Ó gbé Bíbélì náà lé mi lọ́wọ́, ó ti fi gèlè funfun rẹ̀ wé e.

"Sílásì, má jẹ́ kí òjò pa á. Má kó o pọ̀ mọ́ ẹran ìgbẹ́." Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ti ń gbó, àna mi. Ohun tí ẹ bá ṣe fún un ni n ó fi mọ ohun tí ẹ ó ṣe fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ẹ̀gún lọ. Nígbà tí àpò ọdẹ kò ti yẹ ẹ́, mo gba ọ̀já Fẹ̀bé, mo pọn Bíbélì náà sẹ́yìn bí ọmọ, mo gbé ìbọn léjìká, mo wí àdúrà, mo sì wọ igbó. Àwọn ọ̀bọ rí mi, wọ́n ké sí ara wọn: "Ẹ wá wo ọdẹ abiyamọ!" Mo kọjá lọ. Ẹni tí iyán ń dúró dè kì í bá ọ̀bọ jiyàn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lọ́nà ni iwin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arínájó. Irun orí rẹ̀, iná ni. Ó ń jó bùlà bí igbó ẹ̀ẹ̀rùn. Ikùn rẹ̀ rí bí ìkòkò aró, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí igi ìdáná tí ìyàwó tuntun ṣẹ́. Ibi tó bá jókòó, eérú ni.

"Ọdẹ abiyamọ," ó ní, "sọ ọmọ rẹ kalẹ̀ kí n wò ó."

"Kì í ṣe ọmọ. Bíbélì tó ti gbó ni. Mò ń wá ibi tí yóò ti sinmi."

Ó fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, iná ta pàrà. "O ti dé ibẹ̀! Gbé e lé mi lórí! Ohun tó bá jóná, èéfín rẹ̀ a máa lọ sókè. Ohun tó bá lọ sókè, ọ̀run ló ń lọ. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti dé ilé."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dà bí òótọ́, àbí kò dà bẹ́ẹ̀? Òógùn bò mí. Ìbọn kì í pa iná, ọ̀bẹ kì í gé iná. Ṣùgbọ́n ahọ́n ọdẹ, Ọlọ́run ló fi òróró pa á. Mo ní, "Arínájó, ṣé ó dá ọ lójú pé ohun tó bá jóná ní í dé ọ̀run?"

"Ó dá mi lójú!"

"A jẹ́ pé ọbẹ̀ ilá ìyàwó mi ti dé ọ̀dọ̀ Ábúráhámù. Ó gbé e kaná níjọ́sí, ó lọ bá aládùúgbò wa jà nítorí adìyẹ kan, ọbẹ̀ jóná mọ́ ìkòkò. Ábúráhámù á ti bù ú lá báyìí, á ti máa pe Ísáákì pé kí ó tètè bu omi wá!"

Ọ̀rọ̀ náà bá iwin lójijì. Ó kọ́kọ́ fi imú fọn. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín kẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ikùn mú, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbiri, ó ń ké pé, "Ísáákì! Ísáákì, bomi wá!" Ẹ̀rín di omijé. Bó ṣe ń yí, omijé ń ṣàn lọ sórí rẹ̀, ó ń dún ṣìì, ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń ta omi sí agbada gbígbóná. Kí ó tó dìde, iná ti kú pátápátá. Ẹ wá wo orí! Orí pá bí igbá tí a fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀!

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Ọdẹ, mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí mi pá."

Mo ní n kò ní sọ. Ẹ̀yin náà rí i pé n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú mú un, ó na ìka sí iwájú: "Ìlú Ohun Gbígbó wà lọ́hùn-ún. Bóyá wọ́n á gbà á níbẹ̀." Ó bá sá wọ inú ihò igi.

Ìlú Ohun Gbígbó! Ìlú tí mo ń wí yìí, kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ọkọ́ tó ti jẹ tán tó ku bí èékánná ni balógun wọn. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan jókòó sí ìta, ó ń ròyìn ọ̀nà tí kò rìn. Asẹ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti ya ń pariwo pé òun kò jò. Àkùkù ìgbálẹ̀ ni oníbodè, ó sì gbéraga ju ìgbálẹ̀ odindi lọ.

"Dúró!" ó ní. "Ta lo pọ̀n? Ki oríkì rẹ̀ kí n mọ bó ṣe lórúkọ tó."

Ẹni tó ní kí ọdẹ ki oríkì, ó ní kí odò ṣàn. Mo mi àtàrí, mo gbé ohùn sókè:

"Ìwé aláwọ dúdú, etí pupa bí àlàárì!
Alágbàtọ́ tí kì í béèrè oúnjẹ,
Abiyamọ tí kò lọ́yàn, tó bọ́ ilé, tó bọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀!
Ó sùn sórí ẹní, ejò gba ẹ̀yìnkùlé lọ;
Ó sùn sórí ẹní, àlá burúkú ṣìnà.
Òjò pa ọ́, o ò gbọ̀n;
Ikán jẹ ọ́, o ò bínú.
Ọmọdé tọ̀ sí ọ lára, o ní kí ó pẹ́ láyé!"

Gbogbo ìlú hó yèè. Wọ́n sìn mí lọ sí ààfin. Ọlọ ni ọba wọn, ọlọ òkúta ńlá tí àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú bí ọkọ̀ ojú omi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún òkúta. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹ bá rí ọba náà, ẹ̀yin náà á wólẹ̀.

"Ọdẹ," ọba ní, "kí ni o gbé wá?"

"Kábíyèsí, Bíbélì tó ti gbó. Mo ní kí ẹ fún un ní yàrá kan kí ó sinmi, kí ìyá ìyàwó mi lè jẹun."

"Ìlú yìí kì í ṣe ti ohun tó gbó nìkan. Ìlú ohun tó gbó tí kò lọ́mọ ni. Èmi tí o ń wò yìí, ọmọ ọlọ mi sọnù. Ata wà, èmi wà, ta ni yóò bá mi lọ̀ ọ́? Ìyẹn ló gbé mi dé ibí. Ìwé yìí ńkọ́? Ó bímọ tàbí kò bímọ?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ìwé ni. Ìwé kì í bímọ."

Ewé Bíbélì náà bá dún fààrà lẹ́yìn mi. Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ́ rẹ́rìn-ín, Bàtà rẹ́rìn-ín, Asẹ́ jò sílẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹnu tó fi pè é ní abiyamọ," ni Àkùkù ìgbálẹ̀ wí, "ẹnu yẹn náà ló fi sọ pé àgàn ni!"

Ọba ní, "A kì í gba ẹni tó lọ́mọ níbí. Lọ wá àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe. Bí o bá sì padà wá bá wa ní ọwọ́ òfo, ìwọ gan-an ni a ó gbà, nítorí mo rí i pé orí rẹ ti ń gbó." Ni Àkùkù ìgbálẹ̀ bá gbá mi, fìrì, fìrì, títí ó fi gbá mi jáde ní bodè. Èmi Sílásì, tí ẹfọ̀n ń sá fún, ìgbálẹ̀ tí kò gùn tó ìka ló gbá mi bí pàǹtí!

Mo ń lọ, mo ń kùn, mo ń ní, "Níbo ni n ó ti rí ọmọ Bíbélì?" N kò wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ya gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ṣubú wọ inú ìlú ikán.

Ìlú ńlá ni: òpópónà, àjà, yàrá, gbogbo rẹ̀ amọ̀. Ayaba ikán sanra bí iṣu egbòdò. Àwọn ọmọ ogun wọn lórí bí òkúta iná. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ń sunkún. Àgbà ń sunkún, ọmọ ọwọ́ ń sunkún, ọmọ ogun fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ojú.

"Ta ló kú?" mo béèrè.

Ayaba ní, "Kò sí ẹni tó kú. Jósẹ́fù ló wà lẹ́wọ̀n!"

"Jósẹ́fù ẹlẹ́mu?"

"Jósẹ́fù ọmọ Jákọ́bù! Àwọn bàbá wa jẹ ìwé kan nínú àpótí obìnrin kan. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ibi tí Jósẹ́fù ti túmọ̀ àlá fún agbọ́tí ọba. Jósẹ́fù ní kí agbọ́tí rántí òun. Ni obìnrin náà bá lé wọn! Láti ìgbà náà, ọmọ kan kì í ṣí ojú nínú ìlú yìí tí a kò ní sọ fún un pé aláìṣẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n. Ọdẹ, ṣé agbọ́tí náà ti rántí?"

Kí n tó dáhùn, ọmọ ogun kan gbóòórùn ẹrù ẹ̀yìn mi. Ó ké, "Ìwé náà rè é! Ẹ jẹ́ kí á jẹ ìyókù!"

Mo tú ọ̀já, mo ṣí gèlè, mo ṣí Bíbélì. Òjò ti jẹ ìyókù ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n rí i, ariwo tí wọ́n ké, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ayaba wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Àwa ni ọmọ ìwé yìí," ó ní. "Òun ni a jẹ tí a fi dàgbà. Bí Jósẹ́fù kò bá jáde lónìí, a ó jẹ ìdí ìbọn rẹ, a ó jẹ bàtà rẹ, a ó sì jẹ ìwọ náà, láti ọmọńdinrín ẹsẹ̀ lọ sókè."

Mo ní, "Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ fún un ní ohun tó kù."

Wọ́n wo ara wọn. Wọn kò ní nǹkan kan. Jíjẹ ni wọ́n jẹ ẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè dá padà.

Ìdààmú wá bá èmi náà. Bí wọ́n bá ń ka Jẹ́nẹ́sísì nílé Ọlọ́run, ibẹ̀ gan-an ni oorun mi ti máa ń dùn jù. Ikán kan ti ń fi ẹnu wọn ọmọńdinrín mi. Mo pa ojú dé, mo ní, "Olúwa, rántí mi bí agbọ́tí kò bá tilẹ̀ rántí." Bí mo ti pa ojú dé báyìí, òórùn ẹ̀gúsí tútù wọ imú mi. Mo gbọ́ bí èèpo ẹ̀gúsí ṣe ń dún, pà, pà, pà. Mo gbọ́ ohùn Màmá Tàbítà, ohùn ìgbà tí kò tíì gbó, lókè orí mi lórí ẹní. Ẹnu mi bá là fúnra rẹ̀.

"Fáráò lá àlá," mo ní. "Màlúù tó rù gbé màlúù tó sanra mì, ikùn rẹ̀ kò sì yọ!"

"Èyí tó jẹun yẹn, ará wa ni!" ni àwọn ikán ké.

"Ìgbà náà ni agbọ́tí gbá orí ara rẹ̀: 'Yéè! Ọmọ Hébérù tó wà lẹ́wọ̀n!' Wọ́n sáré pè é. Wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó jáde!"

"Ó JÁDE!" Gbogbo ìlú fò sókè. Ilẹ̀ mì. Mo sọ ti ìyàn fún wọn, mo sọ ti àwọn arákùnrin tó wá ra ọkà tí wọn kò mọ ọ́n, mo sọ bó ṣe fi ara hàn wọ́n tó sì dì mọ́ Bẹ́ńjámínì lọ́rùn. Àwọn ikán dì mọ́ ara wọn lọ́rùn. Wọ́n jó, wọ́n jó, ayọ̀ náà pọ̀ títí ìyẹ́ fi hù lẹ́yìn wọn! Wọ́n bú jáde láti inú ilẹ̀, fòòòò, sínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé èmi, ìbọn àti Bíbélì jáde. Bí ẹ bá rí èsúnsún tó ń fò lẹ́yìn òjò, tí wọ́n ń sọ fún yín pé ọ̀rinrin ló lé wọn jáde, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Jósẹ́fù ló jáde lẹ́wọ̀n.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wo Bíbélì tó wà lórí itan mi. Òkété! Òkété tó dàgbà! Mo ń wá ọmọ ìwé káàkiri igbó, èmi tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn gan-an ni ọmọ rẹ̀. Ó fún mi lọ́mú nígbà tí n kò mọ nǹkan. Nísinsìnyí tí ewé rẹ̀ gbẹ, ẹnu mi ló kù tí yóò mu. Mo tún un pọ̀n, mo sì sáré títí dé ilé.

Màmá ṣì kọ ojú sí ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹrù lẹ́yìn.

"Màmá, mo ti rí ibi tí yóò gbé orí lé."

"Níbo?"

"Ẹnu àwa ọmọ tó tọ́ ni."

Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó gba Bíbélì, ó ṣí i sí ibi tí òjò ti bà á jẹ́, ó fi ìka lé ojú ewé. "Kí ló wà níbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ dé ibi tí Jósẹ́fù ti rí Bẹ́ńjámínì, tó fi ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

"O fo ibì kan," ni Màmá wí. "Ó kọ́kọ́ wọ inú yàrá lọ sunkún, ó sì bọ́jú kó tó jáde. Má fo ẹkún rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Oorun ló gbé mi lọ níbẹ̀ nígbà náà."

Àwọn ará ilé ti ń wọlé. Fẹ̀bé mú ibi tí mo dákẹ́ sí, kápẹ́ńtà àdúgbò mú un lọ́wọ́ Fẹ̀bé. Tíṣà Onésífórù náà dé láti wá gba Bíbélì, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá fi ìka kan ewé mìíràn tó ti ya, ó wo Tíṣà lójú. Tíṣà ṣí ẹnu, ó sì sọ ọ́ láìwo ìwé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí orí ẹní yẹn náà ni òun ti sùn rí. Nígbà tó parí, ó ki ìṣáná bọ àpò.

Ọjọ́ yẹn ni òfin ìjọ wa bẹ̀rẹ̀: a kì í sin ewé Bíbélì kan tí kò bá tíì rí ẹnu tí yóò jogún rẹ̀. Ẹ yọ ewé inú àpótí yẹn, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan, kí ó kọ́ ọ sórí. Lẹ́yìn náà kí a wé e ní aṣọ funfun, kí a sin ín bí à á ti í sin àgbà. Ẹ má ṣa èyí tó dùn nìkan o! Kápẹ́ńtà wa bá ibi tí wọ́n ti ń ka ẹni tó bí ẹni àti ẹni tí ẹni náà bí. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó kọ́ ọ. Títí dòní, bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣe ìjàngbọ̀n, yóò kà á fún wọn, wọ́n á sì sùn.

Nígbà tó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí Màmá Tàbítà lọ sinmi, a ṣí ohun tó kù nínú Bíbélì náà, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, bó ṣe máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí wa. Àwa sì ni a jókòó tì í, tí a ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ti igbó dé, kò sí ẹni tó ń ro ikú. Ilé kún, ẹnu ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Màmá dìde jókòó, ó ta ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí níbi tí mo ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àna kì í jẹun lójú àna. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, n kò fi òkèlè kan ẹnu níwájú rẹ̀ rí. Ó nu ojú, ó pe ìyàwó mi.

"Fẹ̀bé," ó ní, "gún iyán. Kí o bù ú sínú àwo kan ṣoṣo, fún èmi àti ọmọ mi yìí."